Charles de Foucauld ní Paris, 1886: ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1886, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Augustin ní Paris láàárọ̀. Ó wá Fadá kan lọ síbi àpótí ìjẹ́wọ́, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé òun kò wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ o, torí òun kò ní ìgbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kátólíìkì lòun wá gbà. Kó tó jáde níbẹ̀, ó ti jẹ́wọ́, ó sì ti gba Ara Olúwa. Charles de Foucauld ni orúkọ ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Póòpù Francis kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

A máa ń gbọ́ ìtàn yìí nínú ìwàásù bíi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Fadá sọ, tí ọkàn ọkùnrin náà sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwa ọmọ ìjọ Àgùdà la ní ọ̀rẹ́ tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, tàbí ọmọ tó dé ìlú òyìnbó tí kò yà sí Mísà mọ́. Ohun tí kálukú sì máa ń bèèrè ni pé, "Kí ni kí n sọ fún un?" Nínú ọ̀rọ̀ Charles, ohun tó ṣe pàtàkì jù ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

Ìlú Strasbourg ni wọ́n bí i sí ní 1858, nínú ìdílé ọlọ́lá tó jẹ́ onígbàgbọ́. Wọ́n rì í bọmi ní kékeré. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ kú nínú ọdún kan náà, 1864, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, ló tọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin dàgbà. Ní 1872 ó gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nancy, tọkàntọkàn ló sì fi gbà á. Nígbà tó fi máa tó ọmọ ọdún 16, ìgbàgbọ́ náà ti lọ. Kò sí Fadá tó ṣẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó bá a jà nínú ìjọ. Ìwé ló ń kà. Ó rí i pé àwọn ọlọ́gbọ́n ayé kò fẹnu kò lórí ohunkóhun, ó wá gbà pé kò sí ẹ̀rí tó dájú lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé ọdún 12 ni òun fi wà láìsẹ́ ohunkóhun, láìsì gba ohunkóhun gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Aláìgbàgbọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí pásítọ̀ kan rẹ́ jẹ, ẹni tó gbàdúrà títí tí ìyá rẹ̀ fi kú, àti ẹni tó kàn rò ó títí tí kò rí ẹ̀rí, gbogbo wọn lè sọ pé àwọn kò gba Ọlọ́run gbọ́, àmọ́ ohun tó ń dùn wọ́n kò jọra. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Charles. Irú wọn kì í bínú sí wa. Wọ́n á gbọ́ tiwa, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ó rọrùn ká rò pé irú wọn ò ṣe é bá sọ̀rọ̀ rárá.

Ó di sójà. Bàbá àgbà rẹ̀ kú ní 1878, ogún ńlá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ní ìnákúnàá: oúnjẹ olówó ńlá, àríyá, obìnrin. Ó mú obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mimi dání lọ sí Algeria, nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó dá a padà sílé, ó yarí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tó gbọ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà lójú ogun, ó bá sáré padà lọ bá wọn. Ní 1882 ó kúrò nínú iṣẹ́ ológun pátápátá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti lọ sí kóòtù kí wọ́n lè yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ owó rẹ̀ fún un. Ìtìjú ńlá gbáà ni fún ọmọ ọlọ́lá.

Mòrókò ló kọ́kọ́ mì í. Nígbà náà, òyìnbó onígbàgbọ́ kò lè fi ojú ara rẹ̀ rin inú ìlú náà já. Charles wọṣọ bíi rábì àwọn Júù, ó gba rábì tòótọ́ kan tó ń jẹ́ Mardochée Aby Serour pé kó máa mú òun kiri, wọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù kẹfà 1883 di oṣù karùn-ún 1884. Ó ń fi ìwé pélébé pamọ́ sínú aṣọ, ó ń kọ ọ̀nà àti odò àti òkè sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ onímọ̀ jíógíráfì ti Paris fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní 1885. Àmọ́ ohun tó bá a délé ju àwòrán ilẹ̀ lọ. Ó ti rí àwọn Mùsùlùmí tó ń kírun, tí wọ́n ń gbé lójú Ọlọ́run látàárọ̀ dalẹ́. Ní 1901 ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Henry de Castries pé Ìsìláàmù mi òun tìtì, pé ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn yẹn jẹ́ kí òun fura pé nǹkan kan wà tó tóbi, tó sì jẹ́ òótọ́, ju àwọn ohun tí ayé ń sáré lé lọ.

Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí àbúrò sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú agbo ilé kan náà, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó kọ́kọ́ jí ọkàn ẹni mímọ́ Kátólíìkì yìí kì í ṣe Kátólíìkì. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gba nǹkan kan gbọ́ bá ń sọ fún ọ pé àdúrà Mùsùlùmí kan ní ọ́fíìsì òun wú òun lórí, má ṣe sáré tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1886 Charles wá ń gbé ní Paris, ó ń kọ ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀. Kò jìnnà síbi tí Inès Moitessier ń gbé. Inès àti bàbá tó bí Charles, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Òun gan-an wà lára àwọn tó ní kí kóòtù dá sí ọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Síbẹ̀ ilé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún un. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ Inès tó ń jẹ́ Marie de Bondy, tó fi ọdún mẹ́jọ ju Charles lọ, tó ti wà nílé ọkọ, máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti kékeré ni Charles ti mú un bí ẹ̀gbọ́n, bí ìyá pàápàá.

Marie kò wàásù fún un. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí Charles fúnra rẹ̀ sọ nípa rẹ̀, mi ò sì rí ibì kan tó ti sọ pé Marie bi òun nígbà wo lòun máa padà sí Mísà. Ní oṣù kọkànlá 1897, nígbà tó ń dá gbàdúrà ní Násárẹ́tì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run pé ọkàn rere kan ń ràn Ọ́ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òun, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀, ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ àti inúure rẹ̀ ló fi ń ràn Ọ́ lọ́wọ́. Ó ní ó jẹ́ kí òun rí i bó ṣe wà, òórùn dídùn rẹ̀ sì ń fa èèyàn mọ́ra, àmọ́ kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní, "Ó dáa, a ò ní sọ nǹkan kan nígbà náà." Ìyẹn kọ́ ni Marie ṣe. Kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́ nítorí Charles wà nílé. Ó ń lọ sí Mísà rẹ̀, ó ń lọ jẹ́wọ́ fún Fadá rẹ̀, ẹni tó bá sì wà nítòsí rẹ̀ á rí i. Ìwé kan tí Bossuet, bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Faransé kan láyé àtijọ́, kọ, èyí tí Marie fún Charles lọ́jọ́ tó gba Ara Olúwa àkọ́kọ́ ní 1872, ṣì wà lọ́wọ́ Charles, ó sì ṣí i kà lásìkò yìí. Ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n fún àbúrò ní nǹkan bí ọdún 14 ṣáájú! Ohun tí Marie fi sílẹ̀ láìṣe kò ju ọ̀kan lọ: kò fipá ṣí ilẹ̀kùn tí Charles kò tíì ṣí.

Nínú lẹ́tà tó kọ sí de Castries ní oṣù kẹjọ 1901, Charles sọ bí ìrònú òun ṣe lọ. Ó wo obìnrin yìí, ó rí i pé ọlọ́gbọ́n ni. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé bí ẹni tó gbọ́n tó báyìí bá lè di ẹ̀sìn yìí mú ṣinṣin, ẹ̀sìn náà kò lè jẹ́ ìsọkúsọ bí òun ṣe rò ó. Gbogbo ẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà. Ohun tí ìrònú náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí èèyàn ń yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọgbọ́n orí Marie ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ bí inúure rẹ̀. Bí onígbàgbọ́ bá jẹ́ ọmọlúàbí àmọ́ tó ń pín gbogbo irọ́ tó bá ti rí lórí WhatsApp, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ní fọkàn sí ohun tó gbà gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Charles bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì gbàgbọ́. Ó máa ń jókòó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á máa tún àdúrà kan ṣoṣo gbà, èyí tí òun náà pè ní àdúrà àjèjì: "Ọlọ́run mi, bí O bá wà, jẹ́ kí n mọ̀ Ọ́." Ẹ wo àdúrà yẹn dáadáa. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Kò sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní òun kò lè gba Baba Wa torí òun kò ní fẹ́ parọ́, àdúrà yìí ni kó o sọ fún un nípa rẹ̀.

Ohun tó kàn ló tún yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí Charles fẹ́ kọ́ èdè Lárúbáwá, ó wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni kí òun ṣe báyìí, kí òun wá Fadá tó kàwé tí yóò kọ́ òun ní ẹ̀sìn Kátólíìkì. Ojú ẹ̀kọ́ ló fi wò ó. Wọ́n wá dárúkọ Fadá Henri Huvelin fún un, Fadá tí Marie fúnra rẹ̀ ń lọ jẹ́wọ́ fún.

Huvelin kàwé gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga École normale ló ti jáde, ìtàn ló sì kọ́. Ó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n bó bá fẹ́, tàbí bíṣọ́ọ̀bù. Igbákejì Fadá ní Saint-Augustin ló wà láti 1875 títí tó fi kú ní 1910. Ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ le, oríkèé ara máa ń dùn ún, síbẹ̀ èrò kì í dá níbi àpótí ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bá àwọn aláìgbàgbọ́ tó gbajúmọ̀ ṣọ̀rẹ́ rí: ó máa ń lọ kí Émile Littré, ògbóǹtarìgì onímọ̀ èdè tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, ẹni tí wọ́n rì bọmi nígbà tó ń kú lọ ní 1881.

Irú Fadá yìí ni Charles lọ bá pé kó kọ́ òun. Bí ẹnì kan bá tó bẹ́ẹ̀ láti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Huvelin ni. Kò jiyàn. Charles kọ ọ́ ní 1897 pé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn lòun bèèrè, Fadá ní kí òun kúnlẹ̀ kí òun jẹ́wọ́, ó sì ní kí òun lọ gba Ara Olúwa lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nígbà tí Charles ní òun kò wá nítorí ìyẹn, Fadá tún un sọ: "Jẹ́wọ́." Nígbà tó jẹ́wọ́ tán, Fadá bi í bóyá ó ti jẹun. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá máa gba Ara Olúwa kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru. Charles kò tíì jẹun. "Lọ gba Ara Olúwa nígbà náà."

Kí ló dé tí Fadá fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó mọ̀ pé ìbéèrè kọ́ ló kù fún ọkùnrin yìí mọ́. Ẹni tó ti ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún wákàtí gbọọrọ, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fara hàn, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà lè gba ọdún méjì kó sì máa jẹ́ ààbò fún un. Ayé tó ti jẹ látẹ̀yìn wá ló wúwo lọ́rùn rẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti ń sọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ni Huvelin jókòó sí.

Àmọ́ mo bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ èyí di ọgbọ́n tí a lè lò fún gbogbo èèyàn. Wọ́n ti rì Charles bọmi láti kékeré, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́wọ́. Ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi kò lè gba sákírámẹ́ǹtì ìjẹ́wọ́, kò sì lè gba Ara Olúwa, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ gbóná tó. Ìrìbọmi ni ilẹ̀kùn sí ìyókù. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó o bi ara rẹ nípa ọ̀rẹ́ rẹ ni bóyá ilé ló ń padà bọ̀, tàbí ó ń wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́nà kejì, Fadá ló sọ pé "kúnlẹ̀". Marie kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí Marie bá sọ ọ́ nídìí tábìlì oúnjẹ, mo rò pé Charles ì bá fi ẹ̀rín gbà á, kó sì má padà wá jẹun níbẹ̀ mọ́.

Gbogbo iyèméjì rẹ̀ kò sì tán ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń fo ibí yìí. Ó sọ fún de Castries pé òun tí òun ti ṣiyèméjì tó bẹ́ẹ̀, òun kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ kan. Nígbà mìíràn àwọn iṣẹ́ ìyanu inú Ìhìnrere á dà bí ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́, nígbà mìíràn òun á fẹ́ fi ẹsẹ Kùránì kún àdúrà òun. Ìmọ̀ràn Huvelin àti oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló tú ìkùukùu náà ká díẹ̀díẹ̀. Charles fẹ́ di mọ́ńkì kíákíá, ó ní látìgbà tí òun ti gbà pé Ọlọ́run wà lòun ti mọ̀ pé Òun nìkan ni òun lè wà láàyè fún. Huvelin ní kó ní sùúrù. Ó rán an lọ wo Ilẹ̀ Mímọ́ ní ìparí 1888. Oṣù kìíní 1890 ni Charles tó wọ ilé àwọn mọ́ńkì Trappist, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ yẹn. Fadá kan náà tó yára ní wákàtí kan tún wá fi ọ̀pọ̀ ọdún rọra rìn.

Nígbà tí Charles fúnra rẹ̀ wá di Fadá ní 1901, Algeria ló padà sí, ó sì lọ ń gbé láàárín àwọn Tùárégì, ẹ̀yà kan ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ní Tamanrasset láti 1905. Àwọn èèyàn tó rì bọmi ní gbogbo ọdún tó lò ní aṣálẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Ó ń kọ́ èdè wọn, ó ń kọ ìwé atúmọ̀ fún un, ó ń kọ ewì wọn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1908 àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọ̀dá wà nílùú, ewúrẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàrà, síbẹ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá gbogbo ìwọ̀nba wàrà tó wà jọ, wọ́n fún un mu. Mùsùlùmí ni wọ́n. Olórí wọn, Moussa ag Amastan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni, Mùsùlùmí ló sì jẹ́ títí dópin. Kò sí ibi tí Charles ti ka ọ̀rẹ́ yẹn sí iṣẹ́ tó já sí asán.

Ní 1909 ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé inúure ni kí òun fi máa wàásù, pé ẹni tó bá rí òun kó lè sọ pé, "Bí ọkùnrin yìí bá dáa tó báyìí, ẹ̀sìn rẹ̀ ní láti dáa." Ẹ fi èyí wé ohun tó sọ nínú ọkàn rẹ̀ nípa Marie ní 1886. Ìrònú kan náà ni, ó kàn ti bọ́ sí òdìkejì: òun ni wọ́n ń wò báyìí. Wọ́n pa á ní Tamanrasset ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1916.

Ní 1975, Póòpù Paul Kẹfà kọ̀wé sí gbogbo Ìjọ pé ẹ̀rí ìgbésí ayé ló ṣáájú nínú ìwàásù Ìhìnrere, àmọ́ pé ẹ̀rí náà kò tó bí a kò bá là á yé àwọn èèyàn lọ́jọ́ tó bá yẹ. Apá méjèèjì wà nínú ọ̀rọ̀ Charles, àmọ́ ẹni kan ṣoṣo kọ́ ló ṣe méjèèjì. Marie fi ìgbésí ayé rẹ̀ sọ ọ́, Huvelin fi ẹnu sọ ọ́. Láàárín wa níbí, a fẹ́ kí ẹnì kan ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ká pe ọ̀rẹ́ wá jẹ ìrẹsì, ká sì ti fi Bíbélì sí abẹ́ àga dè é. Àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ti mọ̀ pé a ń bọ̀.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì wá bèèrè fúnra rẹ̀, má fi fídíò àti ìwé kún un lórí. Mú un lọ bá Fadá tí ìwọ náà ń lọ jẹ́wọ́ fún, kó jẹ́ ẹni tó o lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí a ti rì bọmi nínú Ìjọ ní kékeré ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yá ju bí ẹ ti rò lọ. Bó bá jẹ́ ẹni tí a kò rì bọmi rí, ètò wà fún un, èyí tí Ìjọ tún gbé kalẹ̀ ní 1972 lẹ́yìn Àpérò Vatican Kejì: á máa wá sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìrìbọmi, á sì ṣe ìrìbọmi ní òru àìsùn Ọdún Àjíǹde. Ó lè gba oṣù púpọ̀, ó lè lé lọ́dún kan. Ètò náà sì béèrè pé kí ọmọ ìjọ kan máa bá a rìn ní gbogbo àkókò yẹn, kó máa jókòó tì í nínú Mísà, kó sì dúró fún un níwájú gbogbo ìjọ pé òun mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ síbẹ̀.